Ìpadà láti Windows Vista sí Windows XP

Ìpadà láti Windows Vista sí Windows XP ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ gbé láàárín ọdún 2007 sí ọdún 2009, nígbà tí wọ́n yọ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun kúrò, tí wọ́n sì dá ti àtijọ́ padà sí ipò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó ṣe ètò méjèèjì. Windows XP jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2001. Windows Vista dé ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2006, ó sì dé ọjà fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2007.

Ìwé àṣẹ Microsoft fún apá kan nínú àwọn tí ó ra Vista ní ẹ̀tọ́ láti padà sí XP. Ṣùgbọ́n nínú ètò Vista fúnra rẹ̀, kò sí bọ́tìnì kankan tí ènìyàn lè tẹ̀ láti padà. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ àti ẹni tí kò ní, ọ̀nà ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n jọ ń wá.

Ohun tí ó ṣáájú

Windows XP ti jókòó lórí oyè fún ọdún márùn-ún gbáko kí arọ́pò rẹ̀ tó dé, kò sì sí ẹ̀dà Windows tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí XP jáde ti ń múra àtijáde kí Vista tó dé ọjà. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, skánà, káàdì ohùn àti káàdì àwòrán ti kọ dráífà fún XP, ìyẹn ètò kékeré tí ètò ìṣiṣẹ́ fi ń bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ sì ti gbé ètò ìṣirò owó àti ti àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ wọn lé e lórí.

Microsoft kò pète pé kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2001 náà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí Vista, tí orúkọ rẹ̀ nígbà náà ń jẹ́ Longhorn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Blaster tàn kálẹ̀ láàárín àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ púpọ̀ sì yà kúrò lórí Longhorn láti wá tún ààbò XP ṣe. Àbájáde iṣẹ́ náà ni Service Pack 2, tí ó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004. Ní oṣù kan náà, Microsoft pa iṣẹ́ Longhorn tí ó ti ṣe tì, ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpìlẹ̀ Windows Server 2003, ó sì yọ WinFS, ètò ìtọ́jú fáìlì tí ó ti ń polongo, kúrò nínú ohun tí ó máa bá a jáde.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi padà

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé Vista lọ́ra. Ìrántí 64 MB ni ó kéré jù tí XP ń béèrè nígbà tí ó jáde, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó jẹ́ 128 MB. Vista béèrè 512 MB, ó sì béèrè 1 GB kí ó tó lè fi Aero hàn, ìyẹn ìrísí dídán tí ó jọ gíláàsì tí wọ́n fi polówó rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí XP ń sáré lórí rẹ̀ lè di ìgbín bí Vista bá gorí rẹ̀. Kódà dídà fáìlì kọ láti ibì kan sí ibòmíràn lọ́ra nínú Vista àkọ́kọ́, títí Service Pack 1 fi ṣe àtúnṣe sí i ní ọdún 2008.

Ẹ̀sùn kejì ni ti dráífà, èyí sì ni ó wúwo jù, nítorí pé a lè fi ra ìrántí kún ìrántí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí oníbàárà lè ṣe sí dráífà tí ẹlòmíràn kò tíì kọ. Vista yí ọ̀nà tí káàdì àwòrán gbà ń bá ètò ìṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀ padà, ó tún ọ̀nà ohùn kọ láti ìpìlẹ̀, ó sì ní dandan ni kí dráífà tí ó bá fẹ́ wọ inú ọkàn ètò ní irú rẹ̀ oníbíìtì 64 ní ìbuwọ́lù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti skánà tí kò ní àléébù kankan ni ó di aláìwúlò ní òru ọjọ́ kan. Àwọn tí ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà rí i pé káàdì ohùn wọn kò lè fi agbára tirẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ nínú àwọn eré àtijọ́, nítorí pé ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é ti di pípa. Nínú ìwé tí ilé-ẹjọ́ mú kí Microsoft gbé jáde lẹ́yìn náà, àkọsílẹ̀ kan fi hàn pé dráífà Nvidia nìkan ni ó fa ìdá 28.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìdákú Vista tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọdún 2007. Ti Microsoft fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdá 17.9.

Ẹ̀sùn kẹta ni User Account Control, ètò ààbò tí ó ń dá ènìyàn dúró láti béèrè bóyá lóòótọ́ ni ó fẹ́ ṣe ohun tí ó ń ṣe. Ìdí tí ó fi wà dára: lórí XP, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó láti òwúrọ̀ di alẹ́, kòkòrò tí ó bá sì wọlé gba àṣẹ kan náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà pọ̀ dé ibi pé àwọn ènìyàn ń tẹ «bẹ́ẹ̀ ni» láìkà á, àwọn mìíràn sì pa á pátápátá.

Àwọn kan kò tilẹ̀ dé Vista kí wọ́n tó sọ pé àwọn kò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìrìnnà ìjọba Amẹ́ríkà dá ìgbésókè sí Vista dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, Becta, àjọ tí ń gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, sọ pé kí wọ́n má ṣe gbé àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ní lọ sí Vista.

Àmì «Vista Capable» àti ẹjọ́ rẹ̀

Kí Vista tó jáde, Microsoft gbà kí àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà lẹ àmì kan mọ́ ọjà wọn láti fi hàn pé ó lè gba Vista. Àmì náà jẹ́ oríṣi méjì. «Premium Ready» ni èyí tí ó lè gba gbogbo rẹ̀. «Vista Capable» lásán lè túmọ̀ sí pé Home Basic nìkan, tí kò ní Aero, ni kọ̀ǹpútà náà lè gbé. Ẹni tí ó wọ ilé ìtajà kò mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Microsoft ní kí kọ̀ǹpútà tí yóò gba àmì náà lè lo dráífà àwòrán tuntun. Ẹ̀yà Intel 915, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká nígbà náà, kò lè ṣe é. Microsoft mú òfin náà rọ̀ kí 915 lè rí ọ̀nà gbà wọlé. Àwọn oníbàárà pe ẹjọ́ ní ìlú Seattle ní ọdún 2007, ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Kelley pẹ̀lú Microsoft, níwájú Adájọ́ Marsha Pechman. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀gá Microsoft kọ sí ara wọn jáde sí gbangba níbẹ̀. Nínú ọ̀kan, òṣìṣẹ́ kan sọ pé torí kí Intel lè bá iye èrè tí ó ti pinnu fún oṣù mẹ́ta náà mu ni wọ́n ṣe rẹ òfin sílẹ̀. Nínú òmíràn, Mike Nash, tí ó jẹ́ igbákejì ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, ròyìn bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ra kọ̀ǹpútà alágbèéká nítorí àmì náà, tí ó sì wá rí i pé ohun tí òun ra ní 2,100 dọ́là kò wúlò ju kí òun fi ka lẹ́tà lọ. Bí ọ̀gá inú ilé kò bá mọ ìtumọ̀ àmì náà, ó ṣòro láti dá ará ọjà lẹ́bi. Adájọ́ gbà ní oṣù Kejì ọdún 2008 pé kí wọ́n pe ẹjọ́ náà ní orúkọ gbogbo àwọn oníbàárà tí ọ̀rọ̀ kàn, ṣùgbọ́n ó yí ìpinnu yìí padà ní oṣù Kejì ọdún 2009.

Ẹ̀tọ́ láti padà

Ìwé àṣẹ Vista Business àti Vista Ultimate tí a rà pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun gbà kí onílé lo Windows XP Professional dípò rẹ̀, láìsan owó kún un. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ra àṣẹ lọ́pọ̀ ní ẹ̀tọ́ yìí tipẹ́. Ẹni tí ó ra Home Basic tàbí Home Premium kò ní in. Àwọn wọ̀nyí sì ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà tí ó pọ́ọ́kú, níbi tí ìrántí ti kéré tí ẹ̀yà àwòrán sì ti jẹ́ aláìlágbára. Báyìí ni ẹ̀tọ́ ìpadà fi wà lọ́wọ́ ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè fara da Vista, tí kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ kò lè fara dà á. Ohun tí ó kù fún olúwarẹ̀ ni kí ó lọ ra XP tuntun.

Àní ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ kò rí àwo XP gbà lọ́wọ́ Microsoft. Òun ni yóò wá àwo fúnra rẹ̀, yóò lo nọ́ńbà àṣẹ tí ó wà lára rẹ̀, àti nígbà tí ètò náà bá kọ̀ torí pé a ti lo nọ́ńbà yẹn rí, yóò tẹ Microsoft láago, yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ fún òṣìṣẹ́, a ó sì ka nọ́ńbà mìíràn fún un láti fi ṣí i.

Ilé-iṣẹ́ Dell gba ẹ̀bẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, ó sì tún fi XP sí ara ohun tí ará ilé lè yàn lórí àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ kan. Àwọn mìíràn ń ta kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àṣẹ Vista Business tí wọ́n ti fi XP sí i tẹ́lẹ̀. Lórí ìwé, Vista ni wọ́n tà.

Bí ìpadà ṣe ń rí

Ọ̀nà tí ènìyàn gbà wọ Vista ni ó ń pinnu bóyá ó lè jáde.

Bí ìgbésókè bá kùnà lágbedeméjì, kí oníkọ̀ǹpútà tó wọlé sí Vista fún ìgbà àkọ́kọ́, ètò ìfisórí a máa dá XP padà fúnra rẹ̀. Èyí nìkan ni ìpadà tí ètò náà mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ìgbésókè bá yọrí, XP ti lọ nìyẹn. Àwo XP tí a bá sì ti bọ Vista lójú máa ń kọ̀, yóò ní Windows tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà náà tuntun ju òun lọ. A ní láti tan kọ̀ǹpútà láti orí àwo náà, kí a nu díìsìkì, kí a fi XP sí i bí ẹni pé kọ̀ǹpútà náà kò ní nǹkan kan lára rí.

Ó ní ọ̀nà kẹta. Ẹni tí kò yan ìgbésókè, tí ó fi Vista tuntun sí apá díìsìkì tí XP wà láìnu ún, yóò rí fódà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Windows.old. XP àtijọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Microsoft tẹ ìtọ́ni kan jáde fún dídá a padà. A ó tan kọ̀ǹpútà láti orí àwo Vista, a ó ṣí ojú ìwé àṣẹ, a ó yí orúkọ àwọn fódà Windows, Program Files àti Users ti Vista padà, a ó kó àwọn tí ó wà nínú Windows.old bọ́ sí ipò wọn, a ó lo àṣẹ bootsect /nt52 láti dá ìbẹ̀rẹ̀ díìsìkì padà sí ti XP, a ó sì sọ fáìlì boot.ini.saved di boot.ini. Àṣìṣe lẹ́tà kan tó láti mú kí kọ̀ǹpútà má tàn mọ́. Ìdí tí àṣẹ bootsect fi pọn dandan ni pé Vista kò lo NTLDR, èyí tí ń jí XP. Bootmgr ni ó fi rọ́pò rẹ̀, NTLDR kò sì mọ bí a ṣe ń jí Vista. Ohun kan náà ni ó ń mú kí Vista má lè jí mọ́ bí a bá fi XP sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti wà níbẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà tí a rà pẹ̀lú Vista láti ilé ìtajà, ìdènà mìíràn wà ní ẹnu ọ̀nà. Díìsìkì SATA irú àwọn kọ̀ǹpútà yìí sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà AHCI, XP kò sì ní dráífà fún un nínú àwo rẹ̀. Ìfisórí lè sọ pé òun kò rí díìsìkì kankan, tàbí kí ojú kọ̀ǹpútà di búlúù pẹ̀lú nọ́ńbà 0x0000007B. Ohun tí XP fẹ́ ni kí a tẹ F6 ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì fún un ní dráífà láti orí díìsìkì pẹlẹbẹ, nígbà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ti ní ihò díìsìkì pẹlẹbẹ mọ́. Àwọn kan yí BIOS padà sí ọ̀nà IDE. Àwọn kan fi dráífà náà sínú àwo XP kí wọ́n tó tún un dà kọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni a ó wá máa wá dráífà XP fún ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí ẹni tí ó ṣe é kò ronú XP rárá. Ẹni tí ó sá fún Vista torí dráífà lè tún bá dráífà níbi tí ó sá lọ.

Ó yẹ kí a rántí pé XP fúnra rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó dé. Ẹni tí ó gbé Windows 98 tàbí Windows Me lọ sí XP lè yọ XP kúrò láti inú Add or Remove Programs, kí ti àtijọ́ sì padà wá, bí kò bá tíì yí díìsìkì rẹ̀ padà sí NTFS. Nígbà tí Vista jáde, ọ̀nà yẹn kò sí mọ́.

Ohun tí ó sọnù lójú ọ̀nà

Windows Easy Transfer, tí ó ń kó ẹrù ènìyàn láti XP lọ sí Vista, kì í kó o padà. Lẹ́tà inú Windows Mail wà ní fáìlì .eml kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Outlook Express ti XP ń lo .dbx, nítorí náà ọwọ́ ni a fi ń wọ́ wọn láti ìhín sí ọ̀hún. Díìsìkì tí a fi BitLocker tì lórí Vista kò ṣeé ṣí lórí XP. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti kọ́kọ́ tú u ti pàdánù ohun tí ó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi rí Vista mìíràn. DirectX 10 náà kò bá ẹnikẹ́ni padà sí XP.

Fún àwọn tí ń kọ èdè Yorùbá, ìpàdánù kan tún wà. Vista ni ẹ̀dà Windows àkọ́kọ́ tí ó ní «Yorùbá (Nàìjíríà)» nínú àkójọ èdè àti agbègbè rẹ̀, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Lẹ́tà onísàlẹ̀ àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀, fọ́ǹtì sì ni ó ní láti gbé àmì náà lé ibi tí ó yẹ. Àwọn fọ́ǹtì tí ó bá Vista wá ṣe èyí dáadáa ju ti XP lọ, níbi tí àmì ti sábà máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ṣeé ṣe kí ó ro èyí mọ́ ìpinnu wọn.

Ìgbésẹ̀ Microsoft

Oṣù Kìíní ọdún 2008 ni Microsoft kọ́kọ́ dá pé òun yóò dáwọ́ títa XP dúró, ó sì sún un sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún kan náà. Ìwé ìròyìn InfoWorld kó ohùn jọ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe é. Ó lé ní 200,000 ènìyàn tí ó buwọ́ lù ú. Microsoft kò yí ọjọ́ náà padà mọ́, àmọ́ ó yọ àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké olówó pọ́ọ́kú sílẹ̀. Irú wọn, bíi Asus Eee PC, ti ń jáde pẹ̀lú Linux, Vista sì wúwo jù fún wọn. Bí XP Home ṣe rí ọdún kún ọdún nìyẹn.

Service Pack 1 ti Vista dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2008. Ní oṣù Keje, Microsoft gbé ìpolówó kan tí ó pè ní Mojave Experiment jáde: wọ́n fi ètò ìṣiṣẹ́ «tuntun» han àwọn ènìyàn tí kò fẹ́ràn Vista, wọ́n yìn ín, wọ́n wá sọ fún wọn pé Vista náà ni. Ohun tí ìpolówó náà kò fi hàn ni fífi Vista sí orí kọ̀ǹpútà tí ó ti wà nílé, èyí tí ó jẹ́ orí ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn náà

Windows 7 jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, lórí ìpìlẹ̀ Vista kan náà àti pẹ̀lú dráífà tí ó ti gbó dáadáa. Irú Professional, Enterprise àti Ultimate rẹ̀ lè lo XP Mode, ìyẹn odidi XP tí ń ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé kan. Ẹ̀tọ́ ìpadà sí XP Professional sì bá Windows 7 lọ.

Ìtìlẹ́yìn Microsoft fún XP parí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ti Vista parí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2017, nítorí náà ẹni tí ó padà tí kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ pàdánù àtúnṣe ààbò ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ẹni tí ó dúró. Nígbà tí WannaCry kọlu àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Microsoft tún ṣe àtúnṣe kan fún XP, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò rẹ̀ ti kọjá.

Windows 10, tí ó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2015, ni ó mú bọ́tìnì ìpadà wá fún ẹni tí ó bá gbé Windows 7 tàbí 8.1 lọ sí i. Láàárín oṣù kan, ó lè padà láti inú Settings láìlo àwo kankan, Windows.old ni ètò náà sì ń lò lábẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2016, Microsoft dín oṣù kan náà kù sí ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ọjọ́ náà bá pé, ètò náà a pa Windows.old rẹ́ fúnra rẹ̀.